Yàrá ni ẹ ń sanwó fún: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lọ sùn nílé àlejò ayé Victoria ní Cape May

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́. Bowie ní Maryland ni à ń gbé. Ní oṣù October, èmi àti ìyàwó mi á pé ogún ọdún tí a ti ṣègbéyàwó. A fẹ́ lọ lo alẹ́ méjì ní Cape May, New Jersey, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ilé àlejò tó ń fúnni ní oúnjẹ àárọ̀, ìyẹn B&B. Ìyá ìyàwó mi, ẹni ọdún 73 tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, àti ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́fà á bá wa lọ. Owó rẹ̀ ju ti hótẹ́ẹ̀lì lọ. Kí ni ká béèrè kí á tó sanwó, kí ló sì yẹ ká mọ̀ kí á má bàa kábàámọ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú oríire o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ ṣe ọ̀pọ̀ ọdún sí i pẹ̀lú ayọ̀.

Àwòrán iwájú ilé ló máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á rí ilé ìṣọ́ lórí òrùlé, fáráńdà gbọọrọ, igi tí wọ́n gbẹ́ bíi léèsì sí etí òrùlé, ọ̀dà oríṣi mẹ́rin lára pákó kan ṣoṣo, wọ́n á sì sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ilé kan náà ni yàrá tó dùn ún sùn jù ní àdúgbò àti yàrá tí orí yín á máa kan àjà ti lè wà. Yàrá ni ẹ ń sanwó fún, kì í ṣe ilé. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe pín ilé náà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, á mọ yàrá tí òun máa mú.

Ayé Victoria ni wọ́n ń pe àsìkò tí Ọbabìnrin Victoria fi jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1837 sí 1901, Amẹ́ríkà náà sì ń lo orúkọ yẹn fún àwọn ilé ìgbà náà. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì tí àwọn oníwàásù parí ní 1845, ọmọ ìgbà kan náà ni. Ní Cape May, iná ńlá jó àárín ìlú ní November 1878, ó sì run nǹkan bí éékà 35. Pákó ni wọ́n tún fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó jóná, ìdí nìyẹn tí ilé tó pọ̀ níbẹ̀ fi jọ ọmọ ìyá kan náà. Ìjì ńlá tún kọlu etíkun náà ní March 1962, àwọn kan sì fẹ́ wó àwọn ilé àtijọ́ kúrò kí wọ́n kọ́ tuntun. Àwọn ará ìlú tó kọ̀ jálẹ̀ ló kóra jọ ní 1970 láti gba ilé Emlen Physick sílẹ̀, ilé oníyàrá 18 tí wọ́n kọ́ ní 1879. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ ka àdúgbò àtijọ́ ìlú náà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn tọkọtaya ti ń ra ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń gba àlejò kí owó ọ̀dà àti òrùlé lè wọlé. Onílé ló ń ṣe àlejò yín. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, torí púpọ̀ nínú àwọn òfin tó máa yà yín lẹ́nu, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ wá gbọ́ bí ilé náà ṣe pín. Ìsàlẹ̀ ni pálọ̀, yàrá ìjẹun àti, nígbà mìíràn, yàrá ìkàwé. Àjà ibẹ̀ ga, ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 12 kò ṣọ̀wọ́n. Òkè tó tẹ̀ lé e ni yàrá bàbá onílé àti ìyàwó rẹ̀, àti ti àlejò pàtàkì: fèrèsé ńlá, àjà gíga, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti ìhà méjì. Òkè tó kángun sí òrùlé ni wọ́n ń kó àwọn ìránṣẹ́ àti ọmọdé sí. Ògiri ibẹ̀ máa ń dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé òrùlé, fèrèsé rẹ̀ kéré, ooru gbogbo ilé sì ń gòkè lọ síbẹ̀. Yàrá yẹn ló máa ń ní owó táṣẹ́rẹ́ jù, òun náà ló sì máa ń ní orúkọ tó dùn jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò burú fún ọ̀dọ́ méjì tí kò sanra, tí ẹsẹ̀ wọn le.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkà òkè o. Amẹ́ríkà ń ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí a ń pè ní òkè kìn-ín-ní nílé ni wọ́n ń pè ní "second floor". Bí wọ́n bá ní "third floor", àtẹ̀gùn méjì ni Màmá máa gùn.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló ká mi lára jù nínú ìbéèrè yín. Ẹ má rò pé òfin á ti fi lífùtì sí i fún wọn. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn tí ara wọn kò dá ṣáká yọ ilé àlejò tí yàrá tó ń fi háyà kò ju márùn-ún lọ sílẹ̀, bí onílé bá ń gbé inú rẹ̀. Àwọn tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ náà lè wà láìsí lífùtì, torí ilé àtijọ́ kò ṣeé dá lu bó ṣe wu èèyàn. Yàrá ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà fún wọn. Yàrá bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan péré nínú ilé, torí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ti ara yín.

Yàrá ìsàlẹ̀ náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ pe onílé lórí fóònù, ẹ ní kó ka iye àtẹ̀gùn tó wà láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ilé wọ̀nyí ga kúrò nílẹ̀, fáráńdà wọn sì lè ní àtẹ̀gùn mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ṣé igi ìdìmú wà lápá ọ̀tún àti òsì? Ṣé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wà tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kéré? Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò fún ilé tuntun kò fẹ́ kí àtẹ̀gùn kan ga ju ínṣì 7¾ lọ, kò sì fẹ́ kí ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ dín ní ínṣì 10. Ẹni tó kọ́lé ní 1872 kò mọ òfin yẹn. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tí àwọn ìránṣẹ́ ń gùn lè ju ínṣì 8 lọ, kí ibi ìtẹ̀sẹ̀ má gba ju ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Fún orúnkún tó ń dun èèyàn, sísọ̀kalẹ̀ ló le jù. Àgbàlagbà lè fi agídí gòkè lálẹ́, kó má wá lè sọ̀ láàárọ̀ láti wá jẹun.

Lẹ́yìn náà, balùwẹ̀. Wọn kò kọ́ balùwẹ̀ mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Inú yàrá aṣọ tàbí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. "Private bath" túmọ̀ sí pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa lò ó, kò túmọ̀ sí pé inú yàrá yín ló wà. Ó lè wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Màmá máa wọ aṣọ ìlékè jáde ní aago méjì òru. Ẹ bi wọ́n tààrà: "Ṣé inú yàrá ni ilẹ̀kùn balùwẹ̀ náà wà?" Ẹ tún béèrè bóyá ọpọ́n ìwẹ̀ onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Ó rẹwà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láti ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, kò sì sí ògiri nítòsí tí wọ́n lè kan irin ìdìmú mọ́. Bí ó bá jẹ́ òun ló wà, kò yẹ Màmá rárá. Yàrá tó ní ibi ìwẹ̀ tí èèyàn ń rìn wọ̀, tí wọ́n lè fi àga kékeré sí, ni kí ẹ wá. Bí ilé náà kò bá ní in, ẹ gba yàrá fún wọn ní hótẹ́ẹ̀lì onílífùtì nítòsí, kí wọ́n wá máa jókòó pẹ̀lú yín ní fáráńdà lọ́sàn-án. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti ọmọ ọdún mẹ́fà: ọ̀pọ̀ ilé báyìí ló ní iye ọdún tí wọn kì í gba ọmọ tó bá kéré sí i, mẹ́jọ, mẹ́wàá, kódà méjìlá. Àwo tanganran àti àga tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti baba ńlá onílé lọ ló kún pálọ̀ wọn. Ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ kí ẹ tó fúnni ní nọ́ńbà káàdì. Àwọn kan ní ilé kékeré lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń kó ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ sí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ìdílé tó ní ọmọ sí. Ó sábà máa ń wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí náà ó lè jẹ́ òun gan-an ni á tán ìṣòro Màmá àti ti ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ béèrè rẹ̀. Ohun kan sí i nípa ọmọ: 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà tó ní òjé nílé gbígbé. Ilé tó dàgbà ju ìyẹn lọ lè ní in lábẹ́ ọ̀dà tuntun, ojú fèrèsé ló sì ti máa ń di eruku, torí igi méjì ń ha ara wọn níbẹ̀. Kí ọmọ má fi ẹnu kan ojú fèrèsé, kó sì fọwọ́ kó tó jẹun.

Ẹ̀yin tọkọtaya ńkọ́? Ẹ béèrè ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ní ínṣì, ẹ má gba "ńlá ni". Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 54 ní fífẹ̀ àti 75 ní gígùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní queen jẹ́ ínṣì 60 ní fífẹ̀ àti 80 ní gígùn. Ọkùnrin tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ kò lè na ẹsẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, torí pákó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì á dí i. Bẹ́ẹ̀dì náà tún ga. Ẹ máa rí àpótí ìtẹ̀gùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá máa ń jí tọ̀ lóru, kó fi ojú mọ ibi tí àpótí náà wà kí iná tó kú.

Ní October, ẹ̀rọ ìmúlétutù kò ní jẹ́ ìṣòro yín. Fèrèsé àti irin ìgbóná ni. Fèrèsé ayé Victoria jẹ́ férémù méjì tó ń yọ́ gòkè-sọ̀kalẹ̀. Inú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kò tó, okùn gba orí àgbá kékeré kan kọjá, ó sì so irin wíwúwo kọ́. Irin yẹn ló ń gbé fèrèsé dúró níbi tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀. Bí okùn bá já, fèrèsé á gbòkè já lulẹ̀ lórí ọwọ́ ẹni tó bá gbé e sójú rẹ̀. Torí náà, ẹ gbé e ní ínṣì díẹ̀, ẹ mú ọwọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó dúró. Bí kò bá dúró, igi tí onílé ń fi gbé e wà nítòsí; ẹ pè é. Bí kò bá ṣí rárá, ọ̀dà ló lẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi agbára ṣí i, gíláàsì rẹ̀ lè jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n kọ́lé, èyí tó ń mú kí igi ìta máa mì bíi pé inú omi ló wà. Irú rẹ̀ ṣòro rí lọ́jà mọ́. Bí yàrá bá móoru, ẹ fa férémù òkè wálẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Irin ìgbóná ni irin onípáìpù ńlá tó wà lábẹ́ fèrèsé. Omi híhó ń sọ ooru gòkè láti ìsàlẹ̀ ilé wá sínú rẹ̀. Bí páìpù kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ooru ń gba ibẹ̀ wọlé, omi tó ti tutù náà sì ń gba ibẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ìṣí rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣí tán pátápátá tàbí kó tì pa pátápátá. Àlejò tó bá ṣí i dé ìdajì, pé òun fẹ́ dín ooru kù, á dá omi dúró lọ́nà, ooru á kọlù ú, irin náà á sì máa dún gbà-gbà-gbà bíi pé alágbẹ̀dẹ wà nínú ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ohun kékeré tó ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má sá aṣọ lé e, kí Màmá má sì fara tì í.

Iná mànàmáná: 120 fóòtì ni wọ́n ń lò. Wáyà kan tó ń gbé áḿpìà 15 kò lè ru ju wáàtì 1,800 lọ, yàrá méjì sì lè máa pín wáyà kan nínú ilé àtijọ́. Ẹ̀rọ ìgbẹrun ń jẹ nǹkan bí 1,500, áyọ́ọ̀nù 1,200. Bí ìyàwó bá ń gbẹrun tí ẹ̀yin ń lọ bùbá lọ́wọ́, 2,700 nìyẹn, iná á sì lọ fún ẹ̀yin àti aládùúgbò yín. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìdáná kankan dání. Ilé pákó olọ́dún 150 ni, onílé á sì lé àlejò nítorí àbẹ́là kan ṣoṣo. Bí ẹ bá dé, ẹ wá àtẹ̀gùn kejì kí ẹ tó tú ẹrù, kí ẹ ka iye ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá yín àti ibẹ̀.

Oúnjẹ àárọ̀ ni ìdajì ohun tí ẹ ń sanwó rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gbé e kalẹ̀ láàárín aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́wàá, nígbà mìíràn lórí tábìlì kan tí gbogbo àlejò á jọ jókòó sí. Ẹni tó pẹ́, oúnjẹ ti tán. Ọ̀pọ̀ ilé ń se ohun dídùn lọ́jọ́ kan, bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú ẹyin àti mílíìkì kí wọ́n tó yan án, kí wọ́n sì se oníyọ̀ lọ́jọ́ kejì, bíi ẹyin àti wàràkàṣì. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún gbé tíì àti ìpápánu kalẹ̀. Alẹ́ méjì ni ẹ máa lò, nítorí náà ẹ máa kan méjèèjì. Bí ẹnì kan kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, bí Màmá bá ní ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ̀pà bá ń bá ọmọ jà, ọjọ́ tí ẹ gba yàrá ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ tún rán wọn létí bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Alẹ́ àná ni wọ́n ti ń po nǹkan wọ̀nyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ nídìí tábìlì ti pẹ́ jù, èso gígé ni wọ́n á rí fún un. Ẹ lè gbé ata díndín kékeré dání nínú ìgò, kò sí ẹni tó máa bínú. Ẹja gbígbẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀, torí òórùn rẹ̀ á wọ kọ́tìnì àti pépà ara ògiri, onílé sì lè bu owó ìfọ̀ lé yín.

Ògiri inú ilé wọ̀nyí jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì funfun lé lórí, ohùn ń gba ibẹ̀ kọjá. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tó bá ń jí ṣàdúrà láago mẹ́ta òru, ẹ gbà á jẹ́jẹ́, ẹ má pàtẹ́wọ́. Láàárọ̀ kùtù, fáráńdà ṣófo, ó sì dára fún un. Ẹ má gbé ife tútù lé orí òkúta mábù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí ń jẹ ẹ́ lójú, kò sì ṣeé nù kúrò. Bí ẹ bá jókòó, ẹ má dá àga sẹ́yìn kó wá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì.

Kò sí ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì ìgbàlejò títí di òru níbẹ̀. Wọ́n ń gba àlejò wọlé láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ẹ bá máa pẹ́, ẹ pè wọ́n, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ máa fi ṣí ilẹ̀kùn. Láti Bowie, ẹ lè wakọ̀ gba Delaware àti New Jersey títí dé Exit 0, ibi tí Garden State Parkway parí sí, tàbí kí ẹ gba ìlú Lewes ní Delaware wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò. Ọkọ̀ náà ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 85. Màmá á gbádùn ìyẹn ju ìjókòó nínú mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Owó wá. Iye tí ẹ rí kò ní owó orí nínú: New Jersey ń gba 6.625 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tún ń gba 5 lórí yàrá àlejò, ìlú sì lè fi tó 3 kún un. Yàrá 260 dọ́là lálẹ́ kan á di 520 fún alẹ́ méjì. Bí ìlú bá gba gbogbo 3 náà, nǹkan bí 76 dọ́là ló máa gun orí rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ Columbus Day, ìsinmi ọjọ́ Mọ́ńdè kejì nínú October, wọ́n lè ní alẹ́ mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà, owó á sì wọ́n sí i. Àárín ọ̀sẹ̀ dínwó. Ẹ ka òfin ìfagilé dáadáa: ilé oníyàrá mẹ́jọ tí yàrá kan bá ṣófo ti pàdánù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dá owó àsansílẹ̀ padà. Ṣé owó yẹn tó bẹ́ẹ̀? Bí yàrá náà bá wà ní òkè tó tẹ̀ lé ìsàlẹ̀, tí balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ínṣì 60, ó tó bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ òrùlé, ẹ fi owó yẹn gba hótẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sanwó wọ ilé Physick lọ wo bí wọ́n ṣe gbé nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa padà, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ẹ bẹ onílé kí mọ́tò yín wà níbẹ̀ di ọ̀sán, kí ẹ mú ọmọ àti Màmá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Harriet Tubman ní Lafayette Street. Obìnrin yìí, tó sá kúrò lóko ẹrú ní Maryland, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé gan-an, ṣiṣẹ́ ní Cape May ní 1852, ó sì ń fi owó rẹ̀ padà lọ kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Ní òdìkejì títì ni ilé tí Stephen Smith kọ́ ní 1846 wà, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú, tó di oníṣòwò pákó olówó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i ní October kí ẹ tó kúrò ní Bowie.